Ẹsẹ Tí Bàbá Fi Ikọ́ Bò

Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí ìwé náà fún orúkọ ilẹ̀. Ìlà kan péré, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Mbatjiua wò ó títí, ó yí ìwé náà padà bóyá ààyè kù lẹ́yìn, kò sí. Ó wá bi ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn tábìlì pé ibo ni kí òun kọ ìyókù sí.

"Ìyókù kí ni, Màdáámù?"

"Ìyókù orúkọ ilẹ̀ náà."

Ọ̀gbẹ́ni Simaata, tí ìjọba gbé wá láti ìhà odò Zambezi lọ́hùn-ún kó wá máa bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Okakarara, bú sẹ́rìn-ín. "Okombambi lẹ pè é, Okombambi á sì wọ ojú ìlà. Orúkọ la bi yín, a ò ní kẹ́ ẹ kọrin."

Kò mọ̀ ni. Láàárín àwa Herero adámàlúù, ẹni tó bá dárúkọ ilẹ̀ ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀ láì kì í, bí ẹni tó wọlé tí kò kí ará ilé la ṣe ń wò ó. Ilẹ̀ ní oríkì. Oríkì náà ló ń sọ ẹni tó kọ́kọ́ fún màlúù lómi níbẹ̀, irú màlúù tó jẹ́, àti ẹni tó sùn sábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn baba wa kò ní ìwé ilẹ̀ kankan. Ẹni tí wọ́n bá sin síbẹ̀ ni ìwé wọn, oríkì sì ni òǹtẹ̀ tí wọ́n lù ú.

Mbatjiua kò bá a jà. Olùkọ́ ni, ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé, ó sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá mọ nǹkan, ńṣe là ń kọ́ ọ. Ó kọ Okombambi sójú ìlà. Ojú tì í bí ẹni tó bọ́ aṣọ lára àgbàlagbà.

Ohun tó gbé e dé ọ́fíìsì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fọ́ òkè Okombambi, kí wọ́n fi òkúta rẹ̀ ṣe títì. Òfin sọ pé bí sàréè bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí kò bá sì sí ẹni tó fi sàréè hàn títí aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, àwọn ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Tjirare ló wà níbẹ̀, baba ńlá ìdílé Mbatjiua, tó kú nígbà ogun àwọn ará Jámánì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wà láyé tó fojú rí sàréè náà. Ẹ̀yìn ogun ni òyìnbó gba ilẹ̀ yẹn, ó fi wáyà ká a mọ́, ọmọ Herero tó bá sì fo wáyà náà, ajá ló ń kó o lọ́nà.

"Mi ò lè kọ ìtàn ránṣẹ́ sáwọn ọ̀gá mi," ni Simaata wí. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀ nínú. "Ẹ fi sàréè hàn mí, Màdáámù."

"Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀."

"Ṣé ẹ ti débẹ̀ rí ni?"

"Rárá o."

"Báwo lẹ ṣe wá mọ̀nà?"

"Bàbá mi ki oríkì rẹ̀ fún mi."

Festus bàbá rẹ̀ ló ni oríkì náà nígbà tó wà láyé, òun ló sì kọ́ Mbatjiua, nítorí kò bí ọmọ míì. Lábẹ́ igi ẹ̀gún tó wà lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ti ń ṣe é, tòun ti igbá wàrà kíkan láàárín wọn. Bó bá ṣì í, bàbá á ní kó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kejì rèé tí bàbá ti kú, kò sì sí òwúrọ̀ kan tí Mbatjiua kò kì í kó tó jáde nílé.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, ó gbé Màmá Rosina, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, síwájú ọkọ̀. Màmá ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́ta, àwọn méjèèjì sì wọ aṣọ gígùn fẹ̀ǹfẹ̀ tí àwọn obìnrin wa máa ń wọ̀ lọ bá òkú ọ̀run, wọ́n wé gèlè oníwo méjì.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ tẹrí ba díẹ̀. Gèlè yín ń ha òrùlé ọkọ̀."

"Kí òrùlé gòkè. Èmi Rosina kì í tẹ ìwo mi ba fún páànù. Kì í fún mi gbọ́ jàre, kí n mọ̀ bóyá o ò tíì sọ ọ́ nù sáàárín áàbíídíì àwọn ọmọ yẹn."

Mbatjiua gbé e:

"Okombambi ti Tjirare,
Okombambi òkúta funfun méjì tó kẹ̀yìn síra wọn bí orogún tó jà.
Okombambi olómi abẹ́ iyanrìn,
ẹni tí kò bá kúnlẹ̀, òùngbẹ ni yóò pa á síbẹ̀.
Okombambi igi tí kò kú tí kò yè,
tí akọ màlúù aláwọ̀ eérú fi ń pọ́n ìwo."

Ibí ló ti wúkọ́ díẹ̀, ó wá parí rẹ̀:

"Ibẹ̀ ni Tjirare sùn sí, kí ẹnikẹ́ni má jí i."

"O ń sáré jù," ni Màmá sọ. "Ta ní ń lé ọ? Kí ló sì dé tó o wúkọ́? Ṣé òtútù mú ọ ni?"

"Ibẹ̀ ni bàbá ti máa ń wúkọ́. Mo rò pé ó wà nínú rẹ̀ ni."

Màmá Rosina kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń tán lẹ́nu ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yíjú sí fèrèsé. "Ó dáa," ló wí. Wọ́n dé ẹnu géètì Okombambi.

Simaata ti dé ṣáájú wọn. Ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fọ́ òkúta náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó jókòó sórí táyà ọkọ̀ rẹ̀, ó ń tayín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ba inú Mbatjiua jẹ́ ni bàbá kan tó jókòó lórí ọmọlanke tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì fà wá, tó de fìlà, tó na ọ̀pá rẹ̀ sórí itan. Bàbá Usiel ni. Òun àti Festus ti jọ du ipò baálẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn, Festus ló sì wọlé. Látìgbà náà, ìkíni lásán ló kù láàárín ilé méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá," ni Mbatjiua kí i. "Ta ló ránṣẹ́ pè yín?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí, ọmọ Festus. Mo kàn ní kí n wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kì Okombambi láyé òde òní. Mo gbọ́ pé ẹ ti gé e kúrú."

"Usiel!" ni Màmá Rosina ké. "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ méjèèjì gbọ́n jù ọ́ lọ. Àwọn mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn panu mọ́."

"Wọ́n gbọ́n lóòótọ́, Rosina. Wọn kì í gbàgbé ojú ọ̀nà."

Mbatjiua kò dá sí wọn. Ó dúró sẹ́nu géètì tí òyìnbó fi lé àwọn baba rẹ̀ jáde, ó gbé ohùn sókè, ó ki ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wá rìn wọlé, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e.

Ẹ wá wo nǹkan. Kò tíì rìn dé ìdajì wákàtí tí òkúta funfun méjì fi yọ láàárín igbó ẹ̀gún, tí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn gbáà bí ìyàwó méjì tó bínú. Simaata wo òkúta, ó wo obìnrin náà, ó yọ ẹ̀rọ kékeré tó fi ń mọ ibi tó bá wà lápò, ó tún tì í bọ àpò. Wọ́n gba àárín òkúta náà kọjá, wọ́n já sí ojú odò tó gbẹ táútáú. Mbatjiua kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ ńlá, ó fi ọwọ́ gbẹ́ iyanrìn dé ìgbọ̀nwọ́, omi sì rú jáde, ó tutù. Ó bu fún Màmá, ó bu fún Bàbá Usiel nítorí àgbà ni, ó wá bu fún Simaata.

"Màdáámù," ni Simaata wí, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, "ṣé ó dá yín lójú pé ẹ ò débí rí?"

"Ẹnu bàbá mi ni mo ti ń débí."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ sáré. Kò sí ìwé kankan nínú gbogbo ọ́fíìsì Okakarara tó mọ̀ pé omi wà lábẹ́ iyanrìn yẹn. Òun mọ̀. Látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá ló ti mọ̀, kò kàn mọ̀ pé òun mọ̀ ni.

Igi náà kò jìnnà sódò, igi omumborombonga tó ga tó funfun, kò ní ewé àfi lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Kò kú, kò yè. Ojú ibi tí akọ màlúù ti fi ìwo ha á ṣì wà lára èèpo rẹ̀, ó ti dán. Màmá Rosina fọwọ́ kan án, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni oríkì tán sí.

Ibẹ̀ ni Tjirare sùn sí. Ibẹ̀ wo? Ẹsẹ̀ òkè ni igi náà wà, òkè náà sì fẹ̀. Òkúta ni gbogbo rẹ̀, òkúta lórí òkúta. Wọ́n wá a lápá ọ̀tún, wọ́n wá a lápá òsì. Gbogbo òkìtì òkúta ló jọ sàréè, kò sì sí èyí tó jẹ́ sàréè. Ìwo màlúù tí wọ́n máa ń gbé kọ́ igi lórí ibojì àgbà ti jẹrà láti ayébáyé. Aago méjì lù, aago mẹ́ta lù. Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà, tó ti wa ọkọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé wọn dé ẹsẹ̀ òkè, ti sùn, ó ti jí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Simaata wá bá Mbatjiua níbi tó dúró sí. "Òkúta ẹ rí i, omi ẹ rí i, mo sì ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n sàréè ni wọ́n ní kí n rí. Ó ku ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta."

Mbatjiua padà sábẹ́ igi, ó jókòó ti Màmá Rosina. Ìbànújẹ́ bá a, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ kò jẹ́ kó dákẹ́. Ó ń ki oríkì náà wúyẹ́wúyẹ́, bó ṣe máa ń ka ìwé ọmọ tó kọ àṣìṣe tí kò tètè rí. Òkúta, èèyàn lè rí i. Omi, èèyàn lè mu ún. Igi, èèyàn lè fọwọ́ kàn án. Gbogbo ẹsẹ ló fún ojú ní nǹkan tí yóò dì mú, àfi ti ìkẹyìn. Ta ni yóò ṣe irú oríkì bẹ́ẹ̀? Ta ni yóò mú èèyàn rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn kó má sọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i?

Ó rántí ikọ́.

"Màmá," ló pè é jẹ́jẹ́. "Kí ni bàbá mi fi ikọ́ bò?"

Màmá Rosina ń ká etí aṣọ rẹ̀, ó ń tú u. "Ikọ́ kẹ̀? Bàbá rẹ ń mu tábà, o ò mọ̀ ni?"

"Màmá."

"Mo búra fún un. Orí ẹní àìsàn ló ti mú mi búra."

"Aago mẹ́rin ni wọ́n fún wa, Màmá. Bí a ò bá rí i, wọn óò lọ baba ńlá yín kúnná, wọn óò da ọ̀dà lé e, ọkọ̀ á máa gun orí rẹ̀ lọ sí Okakarara. Ṣé ìbúra tẹ́ ẹ ṣe fún bàbá mi nìyẹn?"

Ìyá àgbà náà wo ibi tí Usiel jókòó sí, tó ń fi ọ̀pá yàwòrán nínú eruku, tí kò sì gbójú sókè. Ó fa etí Mbatjiua mọ́ra bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, ó sọ ẹsẹ mẹ́ta tó kù sí i létí.

Ó wá yé e ìdí tí bàbá rẹ̀ fi ń wúkọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ta ni yóò du ipò baálẹ̀ pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú oríkì ilé rẹ̀? Inú bí i sí bàbá. Àánú rẹ̀ ṣe é. Lẹ́yìn náà inú tún bí i, nítorí kì í ṣe ìtìjú ilé wọn nìkan ni bàbá gé jù nù, ó gé iyì ilé onílé mọ́ ọn.

"Bó o bá sọ ọ́ síta báyìí," ni Màmá wí, "títí dọ́jọ́ ikú ni Usiel á máa fi wá rẹ́rìn-ín."

"Kó rẹ́rìn-ín. Kò sáà ní rẹ́rìn-ín lórí títì."

Mbatjiua dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òkúta funfun, ó kì í bọ̀ láì sáré. Nígbà tó dórí akọ màlúù, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́:

"Tjirare tí àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ sá wọ ihò òòrẹ̀,
tí wọ́n ń ti ẹnu ihò wo ọwọ́ òsì Vekondja,
obìnrin tí kì í ṣe ará ilé, tó wa ilẹ̀ fún un tílẹ̀ fi ṣú.
Ibẹ̀ ni Tjirare sùn sí, kí ẹnikẹ́ni má jí i."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá ti bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Usiel.

"Ìyá bàbá mi ni," ló wí. "Mo bá a láyé. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbé wàrà fún wa. Bí ọmọdé bá fọwọ́ òsì gbé nǹkan fún àgbà nílé wa, á jẹgba, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ bá Màmá Vekondja wí. Ọta ìbọn ti ba ti ọ̀tún jẹ́ lọ́jọ́ tó ń sìnkú fún yín." Ó nu imú rẹ̀. "Bàbá bàbá rẹ máa ń kì í tán pátá, ọmọ Festus, mo wà níbẹ̀. Bàbá rẹ ló gé e. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń dúró."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ fún mi?"

"Ṣé a máa ń báni ki ilẹ̀ bàbá ẹni ni? Ta ní sì ń fẹnu ara rẹ̀ ki ìyá rẹ̀ níta? Ẹ̀yin tó ṣe lóore ló yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Ihò náà kò pẹ́ẹ́ rí. Ẹ̀gún òòrẹ̀, èyí tó funfun tó ní àmì dúdú, ló fi í hàn, ó wà káàkiri ẹnu àpáta kan lókè igi náà díẹ̀. Àwọn òòrẹ̀ ṣì ń gbébẹ̀, wọn ò kó lọ síbì kankan. Ihò náà kéré, èèyàn ní láti fi ìkùn wọ́ kó tó wọ̀ ọ́.

"Jẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni yìí wọ̀ ọ́," ni Màmá Rosina wí, ó ń nàka sí Simaata. "Ṣòkòtò ló wọ̀."

"Kì í ṣe bàbá tirẹ̀ ló sá wọ̀ ọ́, Màmá."

Ó tú gèlè oníwo rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ká aṣọ ńlá mọ́ itan, ó sì wọ́ wọ ihò náà lẹ́yìn-lẹ́yìn. Inú ihò náà ń rùn. Òkúta ń gún un léjìká. Ó ronú nípa àwọn géńdé tó fún ara wọn pọ̀ síbẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bàbá bàbá bàbá rẹ̀, tí ẹ̀rù ń bà wọ́n, tí wọ́n ń gbọ́ ìró ìbọn, tí obìnrin aládùúgbò sì wà níta tó ń fi ọwọ́ kan wa ilẹ̀ fún bàbá wọn. Ó gbé orí sókè, ó wo ìta.

Láti ibẹ̀, igbó ẹ̀gún pín sí méjì. Àárín rẹ̀ gan-an lójú rẹ̀ bọ́ sí, ibi tí èèyàn kò lè rí bó bá dúró. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tò síbẹ̀ yípo, wọ́n tò ó dáadáa. Ó ga lápá kan, ó lọ sílẹ̀ lápá kejì, bí ohun tí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́ bá tò.

Mbatjiua pariwo. Ṣùgbọ́n kò tíì jáde. Nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, ó sì dì í mú nínú ihò náà. Vekondja kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Kò sì sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ta ló wá fi í sínú oríkì? Àwọn tó wà nínú ihò ni. Àwọn tí ẹ̀rù bà náà ló jáde lọ́la rẹ̀, tí wọ́n jókòó ti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé, ihò òòrẹ̀ la wà, obìnrin yìí ló ṣe é. Wọn ò lágbára láti sin bàbá wọn, ṣùgbọ́n wọ́n lágbára láti má purọ́ nípa rẹ̀. Látàárọ̀ ló ti ń yangàn pé òun ni ọmọ Tjirare. Inú ihò yìí ló ti wá yangàn pé òun ni ọmọ àwọn tó sá.

Ó jáde tòun ti eruku, ẹ̀gún òòrẹ̀ kan há sí irun rẹ̀. "Ó wà níbẹ̀," ló wí. "Ẹ wá."

Màmá Rosina ló mú wọn lọ bá òkú, nítorí òun ló dàgbà jù nínú ìdílé. Ó bu omi inú iyanrìn tí wọ́n gbé wá sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ sí wọn lójú, bí a ṣe ń fi àlejò han àwọn òkú wa, títí kan Simaata tó fò sẹ́yìn. Wọ́n kúnlẹ̀. Ó ní, "Tjirare, àwa rèé. A pẹ́. Wáyà ló dá wa dúró." Mbatjiua fẹ́ gbọ́wọ́ lé òkúta gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó sì dá ọwọ́ náà dúró. Ó yíjú sẹ́yìn.

"Bàbá Usiel, ẹ̀yin ló kàn. Ọwọ́ yín ló kọ́kọ́ débí."

Bàbá náà wá, ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira. Ọwọ́ òsì ló gbé lé e.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà ti wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó ti lọ, kò tiẹ̀ dágbére. Simaata jókòó sórí òkúta kan, ó gbé ìwé lé orúnkún, ó kọ ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ sọ nípa ibi tí wọ́n wà. Lẹ́yìn náà ó wo ojú ìlà kan ṣoṣo tó wà fún orúkọ ilẹ̀, ó fi gègé rẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mú ìwé ńlá míì tí kò ní ìlà rárá jáde nínú báàgì.

"Màdáámù," ló wí, "kí lẹ pe ilẹ̀ yìí? Ẹ rọra sọ ọ́, kí n lè bá yín kọ ọ́ tán."

Mbatjiua wé gèlè rẹ̀ padà, ó nàró, ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń wúkọ́, ó mẹ́nu kan ihò òòrẹ̀ kedere, kò sì wúkọ́.